Sìmẹ́ǹtì Lára Ògiri Ahoro

Bàbá mi, ẹni tí ilẹ̀ kì í mọ́ bá lórí ẹní,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti kú nínú lẹ́tà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé pé, lẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì àti déètì, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Bí mo bá wá ní àjíǹde ara ńkọ́, ṣé ẹ ò ní sọ pé mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Bí mo bá sì ní ṣé ara le, ara wo? Nítorí náà mo ti fo ìkíni kọjá. Ẹ má kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ sì mọ̀ pé mo gbọ́.

Ilé ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Màmá ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí àti ẹnu wọn pé pérépéré. Wọ́n lè jókòó sínú yàrá kí wọ́n sì mọ ẹni tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ní kíṣìnì. Rélùwéè yín ló ń ṣe mí láàánú. Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń wá. Bí a bá gbọ́ fèrè rẹ̀, àwọn ọmọ á sáré jáde lọ wò ó bí ẹni pé bàálù ló já bọ́ sí Ọ̀fà. Koríko ti bo irin tẹ́ ẹ máa ń rìn lé, àgùntàn ló ń jẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń nu àtùpà tẹ́ ẹ fi ń ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ó dáa bẹ́ ẹ ò ṣe rí i.

Ọ̀rọ̀ ahoro ló gbé mi jókòó lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún un. Ẹ jẹ́ n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń rò fún àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí, torí bí mi ò bá tò ó báyìí, ẹkún ni yóò dà, ẹ sì mọ̀ pé ẹkún mi kì í tètè dá.

Ahoro Òkè-Akòko, lọ́nà Òjókù, níbi tí àwọn babańlá wa ń gbé kí ilé wa tó wà láàárín ìlú. Yàrà ogun yí i ká, ó jìn débi pé àgbàlagbà tó bá dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ò ní yọ. Bí èèyàn bá ti kọjá yàrà, àlàpà ló kù, ògiri alámọ̀ tó ti wó dé ìdajì, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, bí eyín arúgbó. Igi akòko ńlá wà níbi tó jẹ́ ojúde baálẹ̀. Ìdàrọ́ irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ dà nù ṣì wà ní òkìtì. Gbogbo ilẹ̀ jẹ́ àpáàdì, àpáàdì ìkòkò, àpáàdì àmù, tí wọ́n ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ogun jà títí, kò lé wọn kúrò níbẹ̀. Rélùwéè ló lé wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní Ọ̀fà, tí òwò gbé àga kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n wá kó àwọn òbí wọn. Ìyá yín kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè torí ọkọ̀ tó ń yọ èéfín fi ilé tí àwọn fọwọ́ ara àwọn rẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí, inú ìyẹ̀wù wọn ni wọ́n sì sin wọ́n sí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Lẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó dáná níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wọn wá lọ ṣiṣẹ́ fún rélùwéè náà títí ẹ fi fẹ̀yìntì. Mi ò bi yín rí nígbà tẹ́ ẹ wà láyé: ṣé ó dùn yín? Ṣé ìyẹn ló ń lé yín lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, bí wọ́n bá ti sun ìgbẹ́ tán tí ọ̀nà mọ́lẹ̀? Ẹ má dáhùn. Mo kàn bi yín ni.

Mo rántí ìrìn yẹn ju ọ̀nà ilé ọkọ mi lọ. Ẹ ó mú àdá lọ́wọ́, ẹ ò ní fi gé nǹkan kan. Lẹ́nu yàrà, ẹ ó bọ́ bàtà, èmi náà á bọ́ tèmi, ẹ̀gún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi. Lẹ́yìn náà, Bàbá mi tí wọ́n ń pè ní onísùúrù, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àlàpà. Ẹ kúulé o. Ẹ ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa bọ̀ wọlé, ẹ ó sì rìn dé iwájú èkejì. Ẹ kúulé o. Ẹ ó wá sọ fún mi pé ilé obìnrin kan tó máa ń hun kíjìpá rèé, ohùn rẹ̀ dùn ṣùgbọ́n kò mọ ọbẹ̀ sè. Ilé bàbá kan rèé tó máa ń bínú sí adìyẹ àwọn aládùúgbò, tó sì jẹ́ pé àwọn adìyẹ náà ló jẹ oko rẹ̀ tán. Ẹ̀rín á pa mí. Àwọn àlùfáà àdúgbò wa mọ̀ pé ẹ ń kí ògiri, wọ́n sì fi yín ṣe àwàdà títí. Ẹ ò jà, ẹ ò sì jáwọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo lẹ kì í gbà fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. A ò gbọdọ̀ mú àpáàdì kan kúrò nílẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbálẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbé òkúta ààrò tó dojú dé dìde. Ẹ ní bí onílé bá padà dé, ibi tó gbé ẹrù rẹ̀ sí ló yẹ kó ti bá a.

Ìyẹ̀wù ìyá yín la máa ń gbẹ̀yìn dé. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan da ẹ̀ka bò ó, òun ló ń gba òjò dúró, bóyá ìdí nìyẹn tí ògiri kan níbẹ̀ kò fi yọ́ bí ti àwọn yòókù. Ara ògiri yẹn ni ìka wọn wà. Ìka mẹ́rin, tí wọ́n fi fa ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, bí ẹni ń ya orí ọmọ fún irun dídì. Ẹ máa ń di ọwọ́ mi mú, ẹ ó fi ìka mi sínú ìlà náà. Nígbà tí mo kéré, ọwọ́ mi máa ń sọnù síbẹ̀. Bí mo ṣe ń dàgbà ló ń kún un, títí di ọdún kan tó bá a mu rẹ́gí, tí ẹ̀yin sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá yín ò ya fọ́tò rí láyé. Ìka yẹn ni fọ́tò wọn.

Nígbà tí àìsàn gbé yín dálẹ̀, ẹ ò dárúkọ ilé, ẹ ò dárúkọ ilẹ̀ tó wà ní àárín ìlú. Ọ̀gá sójà kan tó fẹ̀yìntì ti gba gbogbo ilẹ̀ ọ̀nà Òjókù fún oko, katakátá rẹ̀ sì ń sún mọ́ yàrà lọ́dọọdún. Ohun tẹ́ ẹ bẹ̀ mí ni pé kí n má jẹ́ kí katakátá gba orí ìyá yín kọjá. Mo ní ó ti tán, Bàbá. Irú ọ̀rọ̀ wo ni mo sọ yẹn? Obìnrin tíṣà, kí ni mo fẹ́ fi dá katakátá dúró? Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ti bàbá rẹ̀ tó ń mí gúlegúle, kó ní òun ò lè ṣe é?

Mo sáré, Bàbá. Ẹ jẹ́ n yin ara mi, torí kò sẹ́ni tó yìn mí. Mo lọ sí Ìlémọnà, sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi ń pè mí ní ìyàwó wọn. Ẹ lọ, ẹ bọ̀ lọ́la. Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ò sí lórí ìjókòó. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, a mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, àmọ́ ta ló lè bá àga tí kò sí èèyàn lórí rẹ̀ jà? Nígbà tó yá, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ló là mí lójú pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wà ní Ìlọrin tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí wọ́n bá wá wo ahoro náà tí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ohun tí ìjọba ń dáàbò bò, kò sí olóko tó tún lè fọwọ́ kàn án. Mo gbéra lọ sí Ìlọrin.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni wọ́n kọ́kọ́ rán wá. Bó ṣe kọjá yàrà, ilẹ̀ ló ń wò. Ó lóṣòó lórí àpáàdì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri ìyẹ̀wù yẹn, kò fi ìka kàn án, mo sì mọ̀ pé ẹni bíi tiyín ni. Ó gbàgbé láti jẹun títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun gbọ́dọ̀ wá wò ó, pẹ̀lú kámẹ́rà, lẹ́yìn Iléyá. Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n bá ní kí n fò, mo lè fò.

Ibí yìí ni Bàbá Kùmásí ti wọ ọ̀rọ̀, àbúrò yín kan ṣoṣo. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní bí ẹni ń rò fún àlejò ni mo fẹ́ rò ó. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá yín mú un lọ sí Gánà. Kùmásí ló ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, Kùmásí náà ló wà nígbà tí ìyá yín kú, oṣù ti kọjá kó tó gbọ́. Ìgbà tí Gánà lé àwọn èèyàn wa ló padà wálé pẹ̀lú àpótí kan àti irin tó fi ń rẹ́lé. Láti ìgbà náà, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, àwa méjèèjì máa ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sí ahoro. Á dìde lórí àga, á ní kí ẹ lọ re kí ẹ bọ̀ re. Ẹ̀yin náà á dáhùn. A ó kọjá. Ẹ ò ní kó máa bọ̀ rí. Bàbá, ẹ ò ní kó máa bọ̀ rí lọ́jọ́ kan! Èmi ọmọbìnrin, ẹ mú ọwọ́ mi fi sínú ìlà ìka ìyá yín. Òun tí wọ́n jọ bí yín, kò mọ̀ pé ìka kankan wà níbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín yín? Ìbínú ni, àbí ìtìjú, àbí ẹ kàn rò pé yóò béèrè tó bá fẹ́ lọ?

Nígbà tó gbọ́ pé àlejò ìjọba ń bọ̀ wá wo ilé ìyá rẹ̀, ọjọ́ orí kúrò lára rẹ̀. Àfi bí ọmọdé tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún. Mo lọ lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní Ìlọrin láti dúró de àwọn ọ̀gá náà kí n lè mú wọn mọ̀nà, mo sì fi í sílẹ̀ nílé tó ń fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní ìtọ́ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, mo rò pé wọ́n ń pín ẹni tí yóò gún iyán.

Ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Bí àlejò bá ń bọ̀, ewúrẹ́ gan-an á wẹ̀. Bàbá Kùmásí kó gbogbo àdúgbò lọ sí Òkè-Akòko, kí ará Ìlọrin má baà lọ sọ pé inú ìgbẹ́ ni wọ́n ti fà wá jáde. Wọ́n roko, wọ́n sun ún. Wọ́n gé akòko torí pé ewé rẹ̀ ń dọ̀tí ojúde. Àwọn àlàpà tó ti fẹ́ wó, wọ́n wó wọn tán, kí wọ́n má baà wó lu àlejò. Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dí yàrà lójú kan kí mọ́tò lè rí ọ̀nà wọlé. Àwọn obìnrin tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá àpáàdì, wọ́n gbá ìdàrọ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dà sínú yàrà. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀, Bàbá. Kò sí ẹni tó gba kọ́bọ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà sọ fún mi pé ńṣe ni wọ́n ń kọrin.

Ìyẹ̀wù ìyá yín, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí i. Ó gé ọ̀pọ̀tọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó fi búlọ́ọ̀kù kún ògiri títí ó fi ga tó bó ṣe yẹ. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó rẹ́ ẹ nínú, ó rẹ́ ẹ lóde, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó kan páànù lé e, ó so ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Inú mọ́tò àwọn àlejò ni mo wà nígbà tí a yà kúrò lójú títì. Mo ń sọ fún ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, pé kí wọ́n múra sílẹ̀ láti bọ́ bàtà. Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni a já sí gbangba. Mo kọ́kọ́ rò pé a ṣìnà. Pápá ni mo rí, ó mọ́ fóò, ó tẹ́jú, ilé funfun kékeré kan dá dúró láàárín rẹ̀, àwọn obìnrin tò sí apá ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Kùmásí wọ funfun, ó dé fìlà tó fi wálé láti Gánà. Ọ̀gá yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo mí, ó ní ahoro náà dà. Kí n tó la ẹnu, àbúrò yín ti dá a lóhùn pẹ̀lú ayọ̀ pé ibẹ̀ náà nìyí, àwọn ti tún un ṣe.

Ọ̀dọ́kùnrin tó wá nígbà àkọ́kọ́ lóṣòó sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà, kò rí nǹkan kan. Mo rí ojú rẹ̀. Mi ò fẹ́ rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọn ò fi ìwọ̀sí kàn wá. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n kí àwọn àgbà, wọ́n tilẹ̀ ya fọ́tò Bàbá Kùmásí lẹ́nu ọ̀nà ilé funfun náà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọ mọ́tò ni obìnrin yẹn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ fún mi pé ohun tí ọwọ́ kò tíì kàn ni àwọn lè kọ sílẹ̀. Ó ní ilé tuntun ni àwọn rí. Ó bá mi kẹ́dùn, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n lọ, a ò sì gbúròó wọn mọ́.

Mo wọ inú ìyẹ̀wù náà lẹ́yìn tí èrò tú ká. Mo wá ibi tí ìka wà. Ògiri náà jọ̀lọ̀, Bàbá. Ọwọ́ àbúrò yín mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sí kókó kan, kò sí ihò kan. Ó fi sìmẹ́ǹtì pa ìka ìyá rẹ̀ dé, tòun ti ẹ̀rín lẹ́nu. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn. Mo yíjú padà, mo rí sìmẹ́ǹtì nínú èékánná rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ funfun yẹn, mo sì gbé ìbínú mì. Ó korò ju ewúro lọ.

Òjò tó tẹ̀lé e, katakátá dé. Ta ni yóò dá a dúró? Ojú ibi tí wọ́n ti dí yàrà fún mọ́tò àlejò ni ó gbà wọlé. Ó tú ojúde baálẹ̀, ó tú ilé obìnrin tí kò mọ ọbẹ̀ sè, ó tú gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti máa ń kí wọn. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni mo bá, poro lẹ́yìn poro, títí dé etí kejì yàrà. Mo jókòó sílẹ̀ sórí poro. Mo sunkún bíi pé ọjọ́ náà gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ṣùgbọ́n ilé funfun yẹn wà níbẹ̀, Bàbá. Ó wà láàárín ẹ̀gẹ́, odindi. Mo bi awakọ̀ katakátá léèrè ohun tó ṣe tí kò fi wó o. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó ní ṣé ilé èèyàn ni òun á máa fi katakátá wó? Páànù wà lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn wà lẹ́nu rẹ̀, òun sì rò pé ẹnì kan ń gbénú rẹ̀. Ó yí i po, ó kọjá.

Ẹ rí i bó ṣe rí? Gbogbo eré tí mo sá ní Ìlémọnà àti Ìlọrin, kò mú nǹkan kan bọ̀. Ìyẹ̀wù alámọ̀ tó ní ìka lára, tó ṣeé fi han ìjọba, ì bá ti di poro ẹ̀gẹ́. Ohun tí mo torí rẹ̀ bínú ni kò jẹ́ kí katakátá gba orí ìyá yín kọjá. Àwọn lébìrà oko ń kó ajílẹ̀ àti ọkọ́ síbẹ̀ báyìí. Ó ń rùn. Mi ò lè pe ìyẹn ní ayọ̀, mi ò sì lè sọ pé mo pàdánù gbogbo rẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí n ó gbé e sí nínú ọkàn mi.

Mi ò sọ fún Bàbá Kùmásí pé wọ́n ti tú ahoro. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè rìn débẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á bi mí bóyá àwọn ará Ìlọrin ti ránṣẹ́. Mo máa ń ní wọ́n ń bọ̀, pé iṣẹ́ ìjọba kì í yá. Á ní òótọ́ ni, ti Gánà náà kì í yá.

Ọyẹ́ ọdún yìí ló mú un. Ikọ́ ni, ó sì wọlé sí i lára. Mo ń fi ìpara ra ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá ní òun ò rántí ojú ìyá òun mọ́, ọwọ́ wọn nìkan ni òun rántí, bí wọ́n ṣe máa ń fi àdín pa òun lẹ́yìn báyìí. Bàbá, ọwọ́ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò dárí ji òun torí pé òun ò sí nílé nígbà tí ìyá kú, ìdí nìyẹn tí òun ò fi tẹ̀lé yín lọ sí ahoro rí. Òun ń retí kẹ́ ẹ pe òun. Ó ní bóyá báyìí tí òun ti tún ilé wọn ṣe, inú yín á ti rọ̀.

Ó kú ní àárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n ti sin ín kí Àlásárì tó pé.

Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó sì ṣeé ṣe kó ti dé. Mo mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tán kó tó sọ ọ́. Á ní òun ti rẹ́ ilé ìyá yín, òun ti kan páànù sí i, ìjọba sì ti wá ya fọ́tò rẹ̀. Bàbá mi, mo fi ọmú tẹ́ ẹ mu bẹ̀ yín. Ẹ má bi í léèrè akòko. Ẹ má dárúkọ ìka. Bí ìyá yín bá wà nítòsí, ẹ bá mi ṣẹ́jú sí wọn. Ẹ kàn dìde fún un, ẹ fà á mọ́ra, kẹ́ ẹ ní, "Àbúrò mi, o kú iṣẹ́."

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.